Káàdì Tó Lọ sí Àdírẹ́sì Àtijọ́

Ìyá mi ni mo torí wọn padà wálé. Kíndìnrín wọn méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, dókítà sì ti sọ fún wa pé ẹ̀rọ ni yóò máa bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀ títí ọjọ́ ayé wọn. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Nọ́ọ̀sì ni mí, London ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo di ẹrù mi, mo gba ilé kékeré kan fún àwa méjèèjì ní Thomas Estate, ní Ajah, l'Ékòó, nítorí pé ibẹ̀ ò jìnnà sí ọsibítù tó ní ẹ̀rọ náà.

Gbogbo ohun tí mo ní ni mo kó wálé, àfi àkáǹtì mi. Owó tí mo tù jọ ní gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé aláìsàn sókè, tí mo ń gbé òkú sọ̀ kalẹ̀, inú báǹkì lọ́hùn-ún ló wà. Mo rò ó pé kò bọ́gbọ́n mu kí n kó o bọ́ sínú náírà tó ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Káàdì báǹkì yẹn ni mo ń kì bọ ẹ̀rọ POS ní ọsibítù nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀ Màmá, ọkàn mi sì balẹ̀.

Báǹkì ò mọ̀ pé mo ti kúrò. Àwọn tó padà wálé ṣáájú mi ló kìlọ̀ fún mi pé tí báǹkì bá gbọ́ pé ènìyàn ò gbé ìlú wọn mọ́, wọ́n lè ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Nítorí náà, àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ wọn ṣì ni ti fúláàtì tí mo gbé kẹ́yìn, níbi tí ọ̀rẹ́ mi ṣì ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọ̀rẹ́ tó jẹ́. Yàrá méjì la jọ háyà, ìkòkò kan la jọ fi ń dáná. Ọmọ Addo ni, ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, láti ilé kan sí òmíràn nínú òtútù, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ọdún tí oyún bàjẹ́ mọ́ mi lára, tí ọkùnrin tó fún mi lóyún ò gbé fóònù mi mọ́, òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù, òun náà ló padà lọ fọ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ kí n má baà bá ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Kò sọ ọ́ sí mi létí rí. Èmi ni mo mọ̀, nítorí pé mo dé, mo bá ilẹ̀ ní mímọ́.

Ọjọ́ tí mo ń bọ̀, mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ létà báǹkì ń kọ mí lóminú.

"Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù?" ó ní. "Létà yòówù kó wọlé, màá ṣí i, màá ya fọ́tò ẹ̀ fún ẹ. Ìwọ ṣáà máa bá mi yọjú sí màmá mi."

Ó ṣe bó ṣe wí. Létà tó bá dé, fọ́tò rẹ̀ á wọlé sórí fóònù mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èmi náà ń yọjú sí ìyá rẹ̀. Màá wọ kẹ̀kẹ́ láti Ajah, màá sọ̀ kalẹ̀ sí Addo, màá fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò wọn. Arúgbó tí èdè Ìjẹ̀bú ò tíì kúrò lẹ́nu wọn ni, wọ́n ń ta ọṣẹ àti ìpara sí iwájú ilé. Òrùlé ilé náà ti dógùn-ún. Nígbà òjò, abọ́ ni wọ́n máa ń tò sílẹ̀ kiri pálọ̀, àwa méjèèjì á sì jókòó sáàárín àwọn abọ́ náà, omi á máa kán tó-tó-tó, wọn á máa bi mí bóyá ọmọ àwọn ń jẹun dáadáa.

Ìgbà tó yá, káàdì mi fẹ́ kú. Oṣù tí yóò kú wà lára rẹ̀, gbogbo ẹni tó ní káàdì ló mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé báǹkì yóò fi tuntun ránṣẹ́ sí fúláàtì yẹn, mo sì ti bẹ ẹnì kan tó ń ti London bọ̀ wá sí Lekki pé kó bá mi mú un wá. Mo bi ọ̀rẹ́ mi léèrè. Ó ní kò tíì dé. Mo tún bi í. Ó ní àwọn tó ń pín létà ń da iṣẹ́ sílẹ̀, kí n ní sùúrù.

Síìmù tí mo lò lọ́hùn-ún wà nínú fóònù àtijọ́ kan nínú dúrọ́ọ̀ mi. Orí síìmù yẹn ni báǹkì máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n n kì í tan fóònù náà àfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi pè mí.

"Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, tan fóònù ẹ àtijọ́ yẹn lónìí. Orúkọ ẹ ló ṣì wà lórí bíìlì iná wa. Mo fẹ́ yí i padà sí tèmi, wọ́n ní kóòdù kan máa wọlé sórí nọ́ńbà ẹ. Tó bá ti wọlé, fi ránṣẹ́ sí mi kíákíá, torí kì í pẹ́ kú."

Mo tan fóònù náà, mo jù ú sínú báàgì, a lọ sí ọsibítù. Bí ẹ̀jẹ̀ Màmá ṣe ń gba inú rọ́bà lọ, tó ń gba inú rọ́bà bọ̀, iṣan ẹsẹ̀ wọn sún kì, wọ́n kígbe. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ẹsẹ̀ náà nígbà tí fóònù dún. Mo fi ọwọ́ kan mú un, mo ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, mo sì padà sídìí ẹsẹ̀ Màmá. Nọ́ńbà nìkan ni mo kà. N kò ka ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀, tó ní kí n má fún ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ báǹkì fúnra rẹ̀. Bí a ṣe délé, mo pa fóònù náà, mo dá a padà sínú dúrọ́ọ̀.

Ó dùn mí títí di òní pé kò sí ohun kankan tó kì mí nílọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àyà mi ò já. N kò tilẹ̀ lálàá. Káàdì tó wà lọ́wọ́ mi ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí oṣù rẹ̀ ò tíì pé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ sí Addo, mo sì bá àwọn káfíńtà lórí ilé. Wọ́n ti ká òrùlé àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n ń kan páànù tuntun, aláwọ̀ pupa. Arúgbó náà dúró sínú oòrùn, wọ́n gbójú sókè wo àwọn káfíńtà náà bí ọmọdé tó ń wo ọkọ̀ òfuurufú.

"Ọmọ mi ló fowó ránṣẹ́," wọ́n ní. "Ọmọ tí mo bí ló bò mí láṣìírí."

Mo bá wọn yọ̀. Mo ya fọ́tò òrùlé náà, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ tirẹ̀ náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Nígbà tó fèsì, "Àmín" péré ló kọ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ tú, ojú ọjọ́ ṣú láti àárọ̀, omi ti kún ojú ọ̀nà ẹnu géètì ẹ́sítéètì wa. A gba inú omi dé ọsibítù. Mo fún akápò ní káàdì, ó fi sínú ẹ̀rọ, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tún fi sí i.

"Ó ní owó ò sí nínú ẹ̀, Àǹtí."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un dán wò."

Ó tún un dán wò. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára Màmá, kí n máa wá owó náà bọ̀. Ó ní àṣẹ ò sí lọ́wọ́ òun. Mo bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní tí àwọn bá ṣe é fún mi, àwọn á ṣe é fún gbogbo ènìyàn. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ irú ohùn yẹn. Èmi náà ti fi bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ rí.

Mo jókòó sí kọ́rídọ̀, mo pe báǹkì. Obìnrin kan ló gbé e, òyìnbó ni, ohùn rẹ̀ tutù.

"Káàdì yín ńkọ́, ṣé ó wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Tuntun tí a fi ránṣẹ́ sí yín ńkọ́?"

"Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Mà, wọ́n ti ń ná an."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ibi tí wọ́n ti ná an, ó ní kí n sọ bóyá èmi ni. Ilé ìtajà aṣọ. Rárá. Ibi tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ sí òkè òkun. Rárá. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, mo sì gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n mo ní kó tún un pè. Ìsàlẹ̀ fúláàtì wa ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Iṣu, gàrí àti ata gígùn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹni tó ni ín máa ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa pamọ́ fún ọ̀rẹ́ mi, nítorí ó mọ̀ pé dòdò ni oúnjẹ rẹ̀.

"Mà? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Kóòdù kan lọ sórí fóònù yín kí káàdì náà tó ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ fún ẹnikẹ́ni?"

Mo lè parọ́. Mo ronú rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fún ẹnì kan. Ohùn rẹ̀ yí padà lẹ́yìn ìyẹn, kò le sí mi, ṣùgbọ́n ó di ohùn ẹni tó ti parí iṣẹ́. Ó ní níwọ̀n bí mo ti fi ọwọ́ ara mi fún ènìyàn ní kóòdù, tí mo sì jẹ́ kí káàdì lọ sí ibi tí n kò gbé, ó ṣeé ṣe kí báǹkì má lè dá ohunkóhun padà. Tí mo bá fẹ́ kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ náà rárá, mo gbọ́dọ̀ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá ìlú wọn.

Mo gbé Màmá padà sílé láìfọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú ọkọ̀, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó tó di ọjọ́ kejì, ojú wọn ti wú, wọn ò lè mí dáadáa tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, orí àga ni wọ́n jókòó sí mọ́jú. Mo mú ẹ̀gbà ọrùn wúrà mi lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní ọjà Ajah. N kò yọwó. Iye tó pè ni mo gbà.

Ìgbà tí Màmá ti wà lórí ẹ̀rọ tán, mo pe ọ̀rẹ́ mi.

"Ìwọ lo mú káàdì mi."

"Káàdì wo?"

"Mo ti bá báǹkì sọ̀rọ̀. Wọ́n dárúkọ ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé fún mi."

Mo ń gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ń fọ abọ́ nígbà tí mo pè. Ó pa omi náà.

"Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè ṣiṣẹ́ mọ́," ó ní. "Wọn ò pè mí fún iṣẹ́ mọ́. Màmá mi ń pè mí lójoojúmọ́ pé òjò fẹ́ pa òun sínú ilé. Létà ẹ wá dé, mo ṣí i bí mo ṣe máa ń ṣí i. Mo fi káàdì náà sórí tábìlì. Mo máa wò ó, màá jáde, màá tún padà wá wò ó. Mo fẹ́ yá díẹ̀ níbẹ̀ ni, kí n dá a padà kí o tó mọ̀."

"Gbogbo ẹ̀ lo mú."

"Mo mọ̀."

"Ìyá mi ò rí ẹ̀rọ lò lánàá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ti gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí, ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, èmi ni mo gbá a mọ́ra. Lọ́jọ́ yìí, mo pa fóònù.

Mo fẹjọ́ sun. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣe é. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ṣe é, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ àti orúkọ bàbá rẹ̀. Inú mi ò dùn, inú mi ò bàjẹ́. Ó rí lára mi bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ran ojú ọgbẹ́ pọ̀, ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi pè mí pé ìyá àgbà kan wà lọ́dọ̀ àwọn, kò ní kóòdù ìwọlé, kò sì gbà láti lọ. Mo mọ ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tó ṣàpèjúwe rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wọlé.

Wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn láti ojú títì, erùpẹ̀ dé kókósẹ̀ wọn. Màmá wà lórí àga ní pálọ̀. Bí arúgbó náà ṣe rí mi, wọ́n kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, lórí táìsì. Mo sáré dì wọ́n mú, wọ́n kọ̀.

"Ọ̀rẹ́ ẹ pè mí, ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó ní ọlọ́pàá wá sílé òun, pé ìwọ lo rán wọn. Kí lẹ jọ jà sí? Ọmọ mi, ẹnu ẹ ni wọ́n máa gbọ́. Sọ fún wọn pé kì í ṣe òun."

"Mà, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọmọ tó kan òrùlé bò mí lórí! Ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa jalè?"

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà. Mo wo Màmá, Màmá sì ń wò mí, nítorí mo ti sọ ibi tí owó náà gbà fún wọn. Wọ́n mi orí díẹ̀, pé rárá.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi," Màmá sọ fún arúgbó náà. "Àgbà kì í kúnlẹ̀ nínú ilé mi. Ẹ wá jókòó tì mí. Ẹsẹ̀ tèmi náà ò jẹ́ kí n lè dìde."

Wọ́n jókòó ti ara wọn. Mo bu omi wá, wọn ò mu ún. Mo ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi, pé ẹjọ́ tí mo ti fi lé ìjọba lọ́wọ́, n kò lè sáré gbà á padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ ṣeé gbà padà, n kò mọ̀ bóyá ǹ bá gbà á. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Màmá di ọwọ́ wọn mú pẹ́.

Báǹkì ò dá kọ́bọ̀ padà. Adájọ́ ò ju ọ̀rẹ́ mi sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọ̀daràn, kò sì sí ilé arúgbó kan tó lè gbà á síṣẹ́ mọ́ ní gbogbo ìlú náà. Èmi gba iṣẹ́ sí kílíníìkì kan ní Addo. Owó oṣù ibẹ̀ ò lè gbé ẹ̀rọ náà bó ṣe yẹ. A dín in kù, a tún dín in kù. Màmá ò ráhùn rí. Wọ́n á kàn ní, "Jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ara mi yá." Ara wọn ò yá. Ọkàn wọn ló padà dáṣẹ́ sílẹ̀, nínú ọyẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti mu ẹ̀kọ díẹ̀. N kì í sọ pé ọ̀rẹ́ mi ló pa wọ́n. Dókítà ní bí wọ́n tilẹ̀ ń rí ẹ̀rọ náà lò déédéé, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, kí ó lè sùn.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi wá kí mi. Wọn ò jókòó.

"Ó ti sọ fún mi," wọ́n ní. "Gbogbo ẹ̀. Mo pe káfíńtà pé kó wá ká páànù náà sílẹ̀, kí n kó o fún ẹ. Ó ní páànù tí ìṣó ti lu, kò lówó lórí mọ́."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe bí ẹni fẹ́ gbá mi mọ́ra, wọn ò ṣe é mọ́. Láti ìgbà náà, tí a bá pàdé ní Ajah, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sì máa ń dáhùn pẹ̀lú ojú nílẹ̀.

Mo ti pa àkáǹtì yẹn dé. Àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì wa ò yéé rìnrìn àjò lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹni tó bá ń lọ máa ń wá bi mí nípa bàtà tó dára fún yìnyín àti irú ata tí wọ́n ń gbà kí ènìyàn gbé wọlé. Mo máa ń dáhùn. Lẹ́yìn náà màá sọ fún un pé ọjọ́ tó bá kó kúrò nínú ilé kan, kó sọ fún báǹkì lọ́jọ́ náà gan-an, ohun yòówù kí wọ́n fi dẹ́rù bà á. Kó má jẹ́ kí létà báǹkì gba ọwọ́ ẹlòmíràn. Kó máa gbé síìmù tí báǹkì mọ̀ mọ́ra, kó sì máa wò ó. Pé kóòdù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kà fún ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ta ni.

Ọ̀kan nínú wọn tó lọ láìpẹ́ yìí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń lọ bá. Ọmọ ìyá mi ni. Ọwọ́ ẹ̀ ni gbogbo létà mi á máa gbà."

Mo ní, "Má jẹ́ kó gba ọwọ́ ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ṣé ẹ rò pé ẹ̀gbọ́n mi lè ja mí lólè ni?"

"N kò mọ̀ ọ́n," mo ní. "Tí o bá fẹ́ràn ẹ̀, má fi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ síwájú ẹ̀."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde lọ dúró de kẹ̀kẹ́ ní etí títì, mo sì pe aláìsàn tó kàn.